Ẹni Tó Lẹrú Ló Lẹrù: Hárúnà Ìṣọ̀lá, I. K. Dáíró àti Ilé-iṣẹ́ Àwo Tí Olórin Dá Sílẹ̀ Fúnra Wọn

    

Lẹ́tà tí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ sí mi ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orin Yorùbá àti ọrọ̀ ajé. Bí mo bá tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú, ìrẹsì àwọn aṣètò yóò sì tutù. Mo ti mú ẹyọ kan nínú rẹ̀: ilé-iṣẹ́ àwo orin tí àwọn olórin àti ọ̀rẹ́ wọn fi owó ara wọn dá sílẹ̀. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá àpàlà, àti I. K. Dáíró, ọ̀gá jùjú, pa owó pọ̀, wọ́n dá Star Records sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló pe ilé-iṣẹ́ yìí ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó jẹ́ pé àwọn olórin tó ń gba àwo níbẹ̀ gan-an ló ni ín. Lórí àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ mi yóò ti pẹ́ jù. N óò kan àwọn tó tẹ̀lé wọn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gbọ́ lórí fóònù.

Èrò mi kò fara sin. Àwọn baba wa ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Olórin tó kọ orin, tó wá gbé e fún ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn láti tẹ̀ ẹ́ jáde, lè di olókìkí. Ó lè kọ́lé, ó lè ra mọ́tò. Ṣùgbọ́n orin yẹn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló ni ín. Gbogbo ohun tí n óò sọ lónìí, orí ìwé yẹn ló dá lé, àti orí ọ̀rẹ́ tó ń mú kí èèyàn rò pé òun kò nílò ìwé.

Bí orin ṣe ń di ti ẹlòmíràn

Hárúnà gba àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948 fún HMV, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àmì rẹ̀ jẹ́ ajá tó ń fetí sí ẹnu gírámọ́fóònù. Ọba Adéboyè, Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó fi orin náà kì. Àwo náà kò tà. Hárúnà kò tìtorí ìyẹn jókòó sílé, ó ń ti òde kan bọ́ sí òmíràn, títí orúkọ rẹ̀ fi kálẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn tí Ọba náà ti wàjà, ó tún orin náà gbà. Ìgbà yìí, àwo náà tà, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ọkùnrin yìí ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò náà ṣe rí, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà níhìn-ín. HMV, Decca àti Philips ló ni ẹ̀rọ tí ń gba ohùn, ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ń tẹ àwo, àwọn ni wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó o lọ fún àwọn olùtajà káàkiri ìlú. Olórin á kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n á lù, wọ́n á gbè, wọ́n á gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohùn àkọ́gbà yẹn, tí a ti ń tẹ gbogbo àwo yòókù, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní másítà. Olórin á gba owó kan lójú ẹsẹ̀, bóyá kí wọ́n tún ṣèlérí pẹ́nì díẹ̀ fún un lórí àwo kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Iye tó tà, ilé-iṣẹ́ ló ń kà á. Másítà, àjà ilé-iṣẹ́ ló ń sùn.

Àwọn àgbà tó wà níbí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó a fi ara rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé ló fi ń san, owó tó yá ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Olórin tó gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àwo kò jìnnà sí i. Wọ́n á máa yọ owó ìṣáájú náà nínú ohun tó yẹ kí ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá san án tán, másítà ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Ìwọ̀fà tiẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí ọjọ́ tó bá rí owó san, ó ti bọ́.

Ẹ má sì rò pé àwọn olórin wa gọ̀. Oúnjẹ wọn kò sí nínú àwo. Òde ni oúnjẹ wọn wà: òkú àgbà, ìkómọjáde, ìṣílé, ìwúyè. Olówó á dìde, á máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, ìyàwó rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ó ta òun yọ náà á jáde. Bàbá Gàní Àgbà, bí wọ́n ṣe ń pe Hárúnà, a máa jókòó sórí àga, àwọn onílù á yí i ká, á sì kọrin fún wákàtí mẹ́rin, nígbà mìíràn wákàtí mẹ́wàá. Àwo ni ó ń polówó rẹ̀ kí wọ́n lè pè é sóde. Bí ilé-iṣẹ́ bá kó èrè orí àwo lọ, ó fi í sílẹ̀ fún wọn, òun ń lọ kó ti òde.

Ìṣirò yẹn péye níwọ̀n ìgbà tí olórin bá ṣì lè jókòó sórí àga. Ọjọ́ tí ohùn bá há tàbí tí ikú bá dé, òde parí. Àwo kò parí. Wọ́n á tún un tẹ̀, wọ́n á gbé e sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé e sórí síídì, lónìí wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tí ó bá sì pààrọ̀ aṣọ ni owó tuntun ń wọlé. Àpò ta ni? Ìbéèrè yìí ló sún Hárúnà àti Dáíró dé ibi tí wọ́n dé. Bí ẹlòmíràn bá sọ fún yín pé ìbínú sí òyìnbó ni, ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé oníṣòwò ni àwọn méjèèjì.

Ìjẹ̀bú kan, Ìjẹ̀ṣà kan

Ọ̀fà ni wọ́n bí Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, bàbá náà ló sì kan ìlù fún un nígbà tí ó wà ní kékeré. Kí orin tó gbà á, ó ti gẹ irun, ó ti kiri aṣọ, ó ti ṣe lébìrà. Ní 1957 ó kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, Morning Star, tí ó wá di Blue Spots lẹ́yìn náà. Òun ló gbé akọ́díọ́nù wọ inú jùjú, ẹ̀rọ olóhùn fífẹ̀ tí a ń fà tí a ń tì, ó sì bá orin náà mu bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí *Salome* jáde ní 1962, kò sí ibi tí wọn kò ti ń kọ ọ́. Ní 1963, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Ẹ wá fi ọkùnrin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Hárúnà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Dáíró gba gìtá, ó gba akọ́díọ́nù. Hárúnà kò gba ohun èlò òyìnbó kankan láyè nínú àpàlà rẹ̀: ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, àkúbà, agídìgbo, ó tán. Dáíró jẹ́ Aládùúrà, ọmọ Kérúbù àti Séráfù, tí ó tún di olùṣọ́ àgùntàn. Hárúnà jẹ́ Mùsùlùmí tí ọ̀rọ̀ Kùránì àti òwe Yorùbá ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Ìlú wọn yàtọ̀, ìsìn wọn yàtọ̀, orin wọn yàtọ̀. Àwọn kan á ní ìdí nìyí tí ìdàpọ̀ wọn fi yani lẹ́nu. Lójú tèmi, òun gan-an ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Bí oníjùjú méjì bá jọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, kí oṣù tó yí po ni wọn yóò ti máa jà lórí àwo ta ni yóò kọ́kọ́ jáde fún ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì. Hárúnà kò lè gba òde Dáíró, Dáíró kò sì lè gba ti Hárúnà. Ọ̀rẹ́ tí kò bá jọ ń du oníbàárà kan náà a máa pẹ́ díẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà! Ẹ̀yin tí ẹ mọ òṣómàáàlò, tí ẹ mọ bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ta aṣọ láwìn tí ó sì ń padà wá gba owó rẹ̀ pé, ẹ mọ̀ pé Dáíró tó ti kiri aṣọ rí kò ní fi kọ́bọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ti Ìjẹ̀bú kò yẹ kí n sọ lójú gbogbo ayé. (Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, a kò tíì dé ibi ọ̀rọ̀.)

Àkókò náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní 1969. Ọ̀pọ̀ olórin háílàìfù tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlà oòrùn ti fi Èkó sílẹ̀ lọ sílé, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún jùjú àti àpàlà ní àwọn ilé ìgbafẹ́ àti lórí rédíò. Àwọn tó ń ra àwo Yorùbá ń pọ̀ sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá rí i, àwọn olórin náà sì rí i.

Ẹ má jẹ́ kí a bù ú ju bó ṣe mọ. Dídá ilé-iṣẹ́ àwo sílẹ̀ kò sọ olórin di ẹni tó ni ẹ̀rọ tí ń tẹ àwo. Ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ wọn ni olórin onílé-iṣẹ́ á ti lọ tẹ àwo rẹ̀, yóò sì sanwó. Ohun tó yí padà ni ipò tó fi wọlé. Tẹ́lẹ̀, ó ń wọlé bí alágbàṣe. Báyìí ó ń wọlé bí oníbàárà. Ìwé róbótó tó wà láàárín àwo náà ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ lórí. Másítà ń tẹ̀ lé e padà sílé. Bí àwo bá kú sílẹ̀ láìtà, òun ló jẹ gbèsè rẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ apá kan ohun ìní. Ẹni tí kò bá lè fara da àdánù kò tíì ní nǹkan.

Ọ̀nà àwọn méjèèjì kò dọ́gba lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 wọlé, Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba jùjú mọ́ Dáíró lọ́wọ́, ó sì yí ojú sí ìjọ ju òde lọ. Ó padà sójú agbo lókè òkun ní àwọn ọdún 1990, ó tiẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Washington ní Seattle, kí ó tó dolóògbé ní 1996. Hárúnà ní tirẹ̀ kò yẹsẹ̀ nínú àpàlà, orúkọ Star sì ń bá àwo rẹ̀ jáde.

Ibi tí ọkùnrin yìí ti yà mí lẹ́nu jù ni ohun tó ṣe ní 1979. Ó kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, sítúdíò tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí gìtá fara kan orin rẹ̀ ló ra irú ẹ̀rọ ìgbàlódé bẹ́ẹ̀. Kò sì gbé e sí Ìkẹjà tàbí Àpápá. Ìlú rẹ̀ ló gbé e sí, kí àwọn tó fẹ́ lò ó wá bá a níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ olórin fọ́ǹkì àti dísíkò, tí wọn kò kọ àpàlà rí láyé wọn, náà gba àwo lábẹ́ Phonodisk. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan nínú Star àti Phonodisk pé èwo ni iṣẹ́ ọgbọ́n jù, Phonodisk ni n óò mú. Star fún un ní ohùn ara rẹ̀. Phonodisk jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa sanwó fún un kí wọ́n tó rí ohùn tiwọn gbà.

Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá a lọ́lá ní 1981, ó sì kú ní 1983. Ọmọ rẹ̀, Musiliu, ló gbé àpàlà padà sétí àwọn ọ̀dọ́ ní 2000 pẹ̀lú *Sóyòyò*.

Kóòtù, àti ọ́fíìsì Decca

Mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òyìnbó àti èèyàn dúdú nìkan. Ẹ̀rí mi ni Sunny Adé. *Challenge Cup*, àwo rẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù, ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. African Songs ló gbé e jáde, ilé-iṣẹ́ Olóyè Bọ́lárìnwá Abíọ́rọ̀, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀. Ní 1974 ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn da àárín wọn rú, ó di kóòtù. Ọmọkùnrin náà pàdánù orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá. Green Spots di African Beats. Ó dá Sunny Alade Records sílẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ni ó sì fi pè é kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Lórí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ó gbé àwo jáde lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì jẹ́ ju ẹyọ kan. Nígbà tí Island, ilé-iṣẹ́ àwo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá pè é ní 1982, tí wọ́n gbé *Juju Music* jáde fún gbogbo ayé, Sunny Alade kò ti ilẹ̀kùn. Island jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn àwo mẹ́ta. Olórin mìíràn ì bá ti parí níbẹ̀. Sunny wọ ilé ara rẹ̀ padà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn másítà àtijọ́, àwọn tó gbà kí ó tó ní ilé tirẹ̀, ìjà wọn kò tán. Ó di ìparí ọdún 2018 kí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tó dájọ́ pé kí African Songs àti ilé-iṣẹ́ mìíràn, Ivory Music, san ₦500 mílíọ̀nù fún un. Láti 1974 dé 2018. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀ ti lè ní ọmọ-ọmọ.

Ti Fẹlá, ọ̀gá Afrobeat, tún yàtọ̀. Ó ní Decca kọ̀ láti gbé àwọn àwo òun jáde gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Kò gba kóòtù lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó kó àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n lọ jókòó sí ọ́fíìsì Decca ní Èkó, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbá ni, ṣùgbọ́n òṣómàáàlò pátápátá ló ṣe lọ́jọ́ náà.

Ní àkókò kan náà, ìjọba ológun ti ṣe òfin ní 1972 àti 1977 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà. Decca wa di Afrodisia. Àwọn ọ̀gá tuntun wọ agbádá dípò kóòtù àti táì. Olórin tó bá wọlé láti béèrè iye tí àwo rẹ̀ tà, ìdáhùn tí wọ́n fún un kò yí padà púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn ọ̀gá ṣe ń tẹ̀ lé Star lọ́kọ̀ọ̀kan: Obey dá Obey Records sílẹ̀, Kollington Àyìnlá dá Kollington Records sílẹ̀ ní 1982. Lẹ́yìn náà ni náírà jábọ́ nígbà SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ní 1986, ohun tí a fi ń tẹ àwo wọ́n gógó, kásẹ́ẹ̀tì gbòde, ayédèrú bá a gbòde. Ẹ̀yin fúnra yín mọ ìyókù, nítorí ẹ̀yin lẹ ra ayédèrú náà.

Ogún ọmọdé

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí, kí ẹ má baà rò pé ìtàn àwọn arúgbó ni mo wá sọ. Ní 2004 D'banj àti Don Jazzy, tí wọ́n jọ rìn ní London, padà sílé, wọ́n dá Mo' Hits sílẹ̀. Ọ̀kan ń kọrin, èkejì ń ṣe orin, wọ́n kó àwọn ọ̀rẹ́ mọ́ra, Wande Coal, Dr SID, D'Prince tó jẹ́ àbúrò Don Jazzy, àti K-Switch. Fún ọdún bíi mẹ́jọ, kò sí òde tí orin wọn kò dé. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn méjèèjì pínyà. Oṣù kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni Don Jazzy dá Mavin sílẹ̀.

Lójú tèmi, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀rẹ́ tó bá jọ dá ilé-iṣẹ́ orin sílẹ̀ ni pé wọ́n máa ń kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àjèjì, wọn kì í kọ ọ́ láàárín ara wọn. Ojú máa ń tì wọ́n. "Ṣé o kò fọkàn tán mi ni?" Ìgbà tí owó kò tíì sí ni ó rọrùn jù láti kọ ọ́: ta ló ni másítà, ta ló ni orúkọ, bí ẹnì kan bá lọ, kí ni ó ń mú lọ, bí ẹnì kan bá kú, ta ni ó dúró fún un. Ìgbà tí owó bá ti dé, gbogbo ìbéèrè yìí ti di ìjà.

Ẹnì kan yóò dìde láti ta kò mí, ó sì ní ẹ̀rí. Ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan tí wọ́n ń ṣe orin pọ́ńkì dá Dischord sílẹ̀ ní 1980. Owó tó wọlé láti òde tí wọ́n ti ṣeré, bíi ẹgbẹ̀ta dọ́là, ni wọ́n fi pamọ́ tí wọ́n fi tẹ àwo àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà. Títí di òní, Dischord kì í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú olórin. Wọ́n á yọ ohun tí wọ́n ná, wọ́n á pín èrè, ó parí. Wọn kò sì jà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi san án: wọn kò ta ìpín fún olówó, wọn kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà tóbi ju ohun tí ọ̀rẹ́ lè rù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kéré bẹ́ẹ̀ lè máa fi ẹnu lásán ṣe é. Àwọn ọmọ tí mo ń rí ní Èkó kò fẹ́ kéré.

Mavin kò fẹ́ kéré. Rema àti Ayra Starr tó jáde láti ibẹ̀, gbogbo ayé ló ń gbọ́ wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Universal, ilé-iṣẹ́ àwo ńlá ti òkèèrè, kéde pé òun ń ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Mavin. Inú ọ̀pọ̀ dùn, ó sì yẹ kí ó dùn, nítorí ẹni tó bá kọ́ ilé ló lè ta á, Don Jazzy sì kọ́ ọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan. EMI ló ni HMV nígbà tí Hárúnà wọ ibẹ̀ ní 1948. Universal ló ra ẹ̀ka àwo orin EMI ní 2012. Decca àti Philips pẹ̀lú ti bọ́ sábẹ́ Universal tipẹ́. Ilé tí àwọn baba ń wá ọ̀nà láti jáde kúrò nínú rẹ̀, òun náà ni àwọn ọmọ ti ń wọlé báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n gbà, wọ́n sì fún wọn ní àga. Èmi kò bú wọn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ ọdún méjìdínlógún tí yóò fọwọ́ sí ìwé lọ́la ni pé ta ni yóò ni másítà rẹ̀ nígbà tó bá pé àádọ́ta ọdún.

Ẹ̀bẹ̀ àti ìdúpẹ́

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù kí àwọn ọ̀dọ́ olórin lè gbé ìwé àdéhùn wọn wá kí ẹ bá wọn kà á, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ má gba owó. Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn olórin tó ti kú, àpótí tí bàbá fi sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ẹ ṣí i. Ìwé gbígbó tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ìwé kan ṣoṣo tó sọ ẹni tó ni orin náà, ó sì wúlò ju aago ọwọ́ tí ẹ ń jà lé lórí. Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́ o, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ààfin ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí a lè máa kó àwọn àwo àti ìwé wọ̀nyí sí, níbi tí òjò kò ti ní rọ̀ sí wọn.

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà onílù tó jókòó tì mí láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba owó nígbà náà tí wọ́n sì ní kí n má dárúkọ àwọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé kan: ẹnikẹ́ni tí àwo Star bá wà nílé rẹ̀, ì báà fọ́, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lọ jẹun.